Ẹrú ni àbí ọmọ-ọ̀dọ̀? Ohun tí mo bá nínú Bíbélì ìyá mi àgbà

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Juneteenth lọ́dún tó kọjá, mo mú ọ̀rẹ́ mi kan láti yunifásítì lọ sí kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Dallas. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣẹrú nínú oko òwú ní ìlà-oòrùn Texas. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kò le rárá: bí ó ṣe yẹ kí ọ̀dọ́ máa hùwà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ tí a ó ṣe nígbà ooru. Olùkọ́ wa ní kí a ṣí Éfésù orí 6, ẹsẹ 5, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ fún àwọn tó ń sìn pé kí wọ́n máa gbọ́ràn sí olúwa wọn lẹ́nu. Olùkọ́ ní kí a fi ọ̀gá wa ní ibi iṣẹ́ sí ipò olúwa yẹn. Gbogbo wa mi orí.

NIV ni Bíbélì tó wà lórí fóònù ọ̀rẹ́ mi. Kò bá òṣìṣẹ́ níbẹ̀, kò sì bá ìránṣẹ́. Ẹrú ló bá. Ó pa fóònù náà, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Inú ọkọ̀ ló ti wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú Bíbélì Yorùbá?

Mi ò mọ̀. Èmi tí mò ń fi Yorùbá kọ ìròyìn fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi lójú òpó yìí, mi ò ka ẹsẹ yẹn ní Yorùbá rí láyé mi. Mo sọ fún un pé màá lọ wò ó.

Nígbà tí mo délé, mo gbé Bíbélì ìyá mi àgbà kalẹ̀, èyí tí màmá mi dì sínú àpótí láti Ogbómọ̀ṣọ́ wá sí Texas. Ẹ̀dà àtijọ́ ni, irú èyí tí àmì ohùn kò pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó jẹ́ pé àfi kí o ti mọ èdè náà dáadáa kí o tó lè kà á. Ní Éfésù orí 6, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ọmọ-ọ̀dọ̀. Mo fi han màmá mi. Wọ́n ní wàhálà wo ló wà nínú ìyẹn, ọmọ-ọ̀dọ̀ kì í kúkú ṣe ẹrú. Wọ́n ní àwọn náà ní ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun. (Bóyá bí ọmọ-ọ̀dọ̀ yẹn náà yóò ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò bi wọ́n.)

Ọ̀rọ̀ náà ìbá tán síbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé mo lọ wo ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ lẹ́tà rẹ̀. Doulos ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹrú, ẹni tí ẹlòmíràn ní, tí wọ́n lè tà, tí wọ́n sì lè jogún. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni Pọ́ọ̀lù fi pe ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Róòmù, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni Bíbélì àtijọ́ wa pè é níbẹ̀. Òun ló wà ní Éfésù 6, ibẹ̀ sì di ọmọ-ọ̀dọ̀. Òun náà ló wà ní Gálátíà 3:28, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹrú àti òmìnira mọ́ nínú Kristi, àti nínú ìwé Fílémónì. Ní ibi méjì yìí ni ó ti wá di ẹrú.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ló di mẹ́ta lédè wa. Níbi tí ìwé náà ti ń sọ nípa òmìnira, ẹrú la gbọ́. Níbi tó ti ń sọ pé kí wọ́n máa gbọ́ràn, ọmọ-ọ̀dọ̀ la gbọ́. Bí ẹnì kan bá gbọ́ Bíbélì ní Yorùbá láti kékeré títí dàgbà, ó lè má mọ̀ láé pé ẹrú gidi ni Pọ́ọ̀lù ń bá sọ̀rọ̀ ní Éfésù.

Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ mọ ohun tí ẹrú jẹ́

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹni tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà ti ṣẹrú rí. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni mò ń sọ. Ẹ ti lè gbọ́ orúkọ wọn nílé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rántí ìtàn náà ní ṣókí. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú Òṣogùn, wọ́n kó Àjàyí àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12 nígbà náà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi gba ẹṣin. Àárín àwọn Yorùbá ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó gbé e dé Èkó tí àwọn Potogí rà á. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn.

Àjàyí yìí ló wá jókòó láti túmọ̀ ìwé Róòmù, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1850. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń lò láyé ìgbà náà, ìránṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi túmọ̀ doulos. Ó jọ pé ìyẹn wà lára ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà wọ inú tiwa. Ṣùgbọ́n mo tún rò pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ dá kún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa lórí ọ̀ràn yìí pọ̀.

Ẹ̀yin tí a bí níbí, ẹ dúró díẹ̀ kí n ṣàlàyé, nítorí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Ẹrú ni ẹni tí wọ́n kó lójú ogun tàbí tí wọ́n rà lọ́jà. Ó ní olówó. Ìwọ̀fà yàtọ̀ sí i. Ọmọ ilé ni ìwọ̀fà. Gbèsè ló mú kí wọ́n fi í sọ́dọ̀ ẹni tó yá wọn lówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni èlé orí owó náà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san gbèsè tán ni yóò padà sílé baba rẹ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún. Ìránṣẹ́ sì ni ẹni tí a rán níṣẹ́, èèyàn pàtàkì lè jẹ́ ìránṣẹ́ ọba. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí yóò rí i pé ohun tí Bíbélì ń pè ní ẹrú kì í ṣe ohun kan ṣoṣo.

Ẹ wo ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 4. Opó kan ké tọ Èlíṣà lọ pé ọkọ òun kú, ó fi gbèsè sílẹ̀, ẹni tí àwọn jẹ lówó sì ti dé láti kó àwọn ọmọ òun méjèèjì lọ. Nígbà tí mo ka ibí yìí fún màmá mi, kíá ni wọ́n dáhùn pé ìwọ̀fà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin tó wà ní Ẹ́kísódù 21, pé Hébérù tí wọ́n bá rà yóò sìn fún ọdún 6, ní ọdún keje yóò jáde lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Diutarónómì 15 tún fi kún un pé olówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo, kí ó fún un ní ẹran àti ọkà àti wáìnì.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Léfítíkù 25 sọ ọ́ kedere pé láti orílẹ̀-èdè mìíràn ni kí wọ́n ti máa ra ẹrú, àti pé wọ́n lè fi irú ẹrú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ogún fún àwọn ọmọ wọn. Ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀fà. Ẹ́kísódù 21 kan náà sọ pé bí ènìyàn bá fi ọ̀pá na ẹrú rẹ̀, tí ẹrú náà sì yè fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó kú, wọn kò ní fìyà jẹ olówó rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ ni ẹrú náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. Mi ò rí àlàyé kankan tó lè mú kí ó rọ̀ mí lọ́rùn, mi ò sì fẹ́ ṣe bí ẹni tó rí i.

Nínú orí yẹn kan náà, ní ẹsẹ 16, òfin wà pé ẹni tó bá jí ènìyàn gbé tó sì tà á, pípa ni kí wọ́n pa á. Diutarónómì 23 sì sọ pé bí ẹrú bá sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ wá bá ọ, o kò gbọdọ̀ dá a padà. Ibi tó bá wù ú ni kó máa gbé. Ẹ fi ẹsẹ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1850, tó sọ ọ́ di ọ̀ranyàn pé kí wọ́n dá ẹrú tó bá sá padà fún olówó rẹ̀, kódà bó bá ti dé ìpínlẹ̀ tí kò ti sí ẹrú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe òfin náà ń ka Bíbélì.

Ìwé kan náà, ọwọ́ méjì

Àwọn olówó ẹrú náà mọ̀ pé ìwé yìí lè gbè wọ́n, ó sì lè dá wọn lẹ́jọ́. Ní ọdún 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan ní London fún lílò láàárín àwọn ẹrú ní erékùṣù West Indies. Wọ́n yọ púpọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé kúrò. Ìtàn bí Mósè ṣe kó Ísírẹ́lì jáde ní Íjíbítì kò sí níbẹ̀. Gálátíà 3:28 kò sí níbẹ̀. Éfésù 6:5 wà níbẹ̀ gbọnin.

Èyí tó tún burú ni ti Hámù. Ẹ ti lè gbọ́ ọ rí pé Nóà ṣépè fún Hámù, ìdí nìyẹn tí aláwọ̀ dúdú fi ń jìyà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Yorùbá bíi tèmi, nínú ilé àdúrà. Ẹ ṣí Gẹ́nẹ́sísì 9 kí ẹ kà á fúnra yín: Kénáánì, ọmọ Hámù, ni Nóà ṣépè fún, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa àwọ̀ ara ẹnikẹ́ni. Àwọn tó fẹ́ ta ènìyàn ló kó àwọ̀ dúdú wọ inú ìtàn náà.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín jẹ́ Onítẹ̀bọmi bíi tèmi, ọ̀rọ̀ tó kù yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1844, ìbéèrè kan dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà: ṣé ẹni tó ní ẹrú lè jẹ́ míṣọ́nnárì? Àwọn ti àríwá ní rárá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1845, àwọn ti gúúsù pàdé ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Southern Baptist Convention. Ọdún 5 péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1850, ọmọ Georgia kan tí ẹgbẹ́ náà rán níṣẹ́, Thomas Jefferson Bowen, gúnlẹ̀ sí Badagry, ìlú tí wọ́n ti kó àìmọye àwọn ènìyàn wa gba orí òkun lọ. Ìjọ Onítẹ̀bọmi Ogbómọ̀ṣọ́, tí ìyá mi àgbà ti ṣèrìbọmi, ibẹ̀ ló ti ṣàn wá. Mo bi bàbá mi bóyá wọ́n mọ ìtàn yìí. Wọ́n ní orúkọ Bowen ni àwọn mọ̀, wọn kò kọ́ àwọn ní èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Augusta. Ní 1995, ẹgbẹ́ náà bẹ àwọn aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n foríjì wọ́n nítorí ẹrú. Ó gbà wọ́n ní 150 ọdún.

Ọ̀kan lára àwọn tó bá míṣọ̀n yìí ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ni James Churchwill Vaughan, káfíńtà aláwọ̀ dúdú láti South Carolina, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ṣẹrú. Ó kọ́kọ́ lọ sí Liberia, ó wá dé ilẹ̀ wa ní 1855. Ní 1888, òun àti àwọn mìíràn kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun ní Èkó, wọ́n dá ìjọ ara wọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ebenezer Baptist lónìí. Bíbélì kan náà ló gbé dání jáde.

Àwa náà ńkọ́? Ta ló ta Àjàyí? Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ tú, ogun Yorùbá sí Yorùbá ló kún Èkó àti Badagry fún ẹrú. Nígbà tí òwò orí òkun sì dúró, ẹrú kò tán nílé. Ní Ìbàdàn, àwọn ènìyàn ńlá bí Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní ẹrú lọ jàra nínú oko wọn. Ìjọ náà kò sì mọ́ nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún 19, ìjọ CMS kì í ṣèrìbọmi fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é fún ẹni tó ní ẹrú. Ohun tí wọ́n rí dì mú ni pé Májẹ̀mú Titun kò fòfin de ẹrú níní. Ó di nǹkan bí 1880 kí wọ́n tó kà á léèwọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pàápàá. Nítorí náà, bí mo ṣe ń ka ìwà àwọn olówó ẹrú Georgia, mi ò lè máa nàka sí òkèèrè nìkan.

Àwọn tó dìde kúrò

Ìwé Fílémónì ni wọ́n sábà máa ń fà yọ. Orí kan ṣoṣo ni, ẹsẹ 25. Pọ́ọ̀lù rán Ónésímù padà sọ́dọ̀ Fílémónì tó jẹ́ olówó rẹ̀, ó ní kó má gbà á bí ẹrú mọ́ bí kò ṣe bí arákùnrin, ó sì ní bí gbèsè kankan bá wà lọ́rùn rẹ̀, òun yóò san án. Kò sọ ọ́ ní tààrà pé tú u sílẹ̀. Àwọn olówó ẹrú rí ìránpadà níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ fòpin sí ẹrú rí arákùnrin.

Ní àwọn ọdún 1830, oníwàásù aláwọ̀ funfun kan, Charles Colcock Jones, wàásù láti inú Fílémónì fún àwọn ẹrú ní Georgia, ó fi bá wọn wí pé kí wọ́n má sá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdajì àwọn tó ń gbọ́ òun dìde, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Àwọn kan tó dúró sọ fún un pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní gúúsù ń dènà kí ẹrú mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n etí wọn ti gbọ́ nípa Mósè.

Howard Thurman, oníwàásù ńlá aláwọ̀ dúdú, kọ nínú ìwé rẹ̀ kan ní 1949 nípa ìyá rẹ̀ àgbà tí wọ́n bí sínú oko ẹrú. Mọ́mọ́ kò mọ̀wé, Thurman ló máa ń ka Bíbélì fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, àfi Kọ́ríńtì Kìíní orí 13 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó dàgbà ló tó bèèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní oníwàásù olówó àwọn kì í mú ẹsẹ mìíràn lò ju èyí tó ní kí ẹrú gbọ́ràn lọ, àwọn sì ti pinnu pé bí òmìnira bá dé, àwọn kò ní ka apá ibẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo ka ìyẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa tó yé mi. Olùkọ́ wa kò ní ohun búburú lọ́kàn. Yorùbá tí wọ́n tọ́ ọ dàgbà nínú rẹ̀ ni ó gbé wá sí Dallas, ọmọ-ọ̀dọ̀ sì ni ẹsẹ yẹn ń wí sí i létí. Ẹrú tí wọ́n ti fi ẹsẹ yẹn nà ni ọ̀rẹ́ mi gbọ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló mú mi lọ sí Freedman's Cemetery, ní Lemmon Avenue, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì 75. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Central Expressway lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lẹ ń kọjá. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dòmìnira ló dá ibi ìsìnkú náà sílẹ̀ ní 1869, ọdún 4 lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Gordon Granger kéde ní Galveston, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1865, pé ẹrú Texas ti dòmìnira. Nǹkan bí 250,000 ènìyàn lọ̀rọ̀ náà kàn, ó sì ti lé ní ọdún 2 tí Ààrẹ Lincoln ti kọ́kọ́ kéde òmìnira. Nígbà tó yá, wọ́n la títì gba orí àwọn sàréè náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ títì yẹn lójú sí i, tí wọ́n wá gbẹ́lẹ̀, òkú tó lé ní 1,100 ni wọ́n ní láti kó kúrò kí wọ́n tó tún wọn sin. Ní 1999 ni wọ́n ṣí ìrántí tó wà níbẹ̀ báyìí. Ère ọmọ Áfíríkà méjì ló dúró ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Mo dúró lẹ́sẹ̀ wọn pẹ́. Mọ́tò ń pariwo kọjá lábẹ́ wa. Àwọn wo nínú àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ ni ìran wọn ti Badagry tàbí Èkó wá, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára òkúta.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mo bá nínú Bíbélì ìyá mi àgbà fún ọ̀rẹ́ mi, bí ọ̀rọ̀ kan ṣe di mẹ́ta. Ó ronú díẹ̀, ó wá bi mí pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni Crowther fi pe ara rẹ̀? Mo sọ fún un pé ní 1837, nígbà tó kọ ìtàn bí wọ́n ṣe kó o sínú lẹ́tà kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kò pe ara rẹ̀ ní ọmọ-ọ̀dọ̀.

Mo ti kó gbogbo rẹ̀ lọ bá olùkọ́ wa. Wọ́n bínú díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n wá ní kí n wá darí ẹ̀kọ́ náà fúnra mi. Fílémónì la ó kà ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ní èdè méjèèjì, láti ẹsẹ 1 dé 25. Ọ̀rẹ́ mi ní òun yóò wá. Màmá mi náà ní àwọn ń bọ̀.